"Mi Ò Gbọ́ Faransé": Irọ́ Ni Tàbí Ọgbọ́n Ìkọ́ni?

Ìkìlọ̀ kan wà tí ọ̀dọ́ tí ó bá lọ ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Faransé sábà máa ń gbọ́ kí ó tó wọ kíláàsì ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Olùkọ́ tí ó ni kíláàsì yóò fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì wí fún un pé kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ó gbọ́ èdè wọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí àwọn ọmọ bá ti mọ̀ pé àlejò yìí gbọ́ Faransé, Faransé ni wọn yóò máa bá a sọ. Kò sì sí ọmọ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ọ̀nà gbágungbàgun nígbà tí ọ̀nà tí ó tẹ́jú wà ní iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbà pé àlejò kò gbọ́ ọ rárá, wọn yóò wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ti kọ́, wọn yóò sì fi ọwọ́ àti ojú kún un. Díẹ̀díẹ̀ báyìí ni èdè ṣe ń mọ́ ọmọ lẹ́nu.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé: kí ni a ó pe ohun tí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe? Ṣé irọ́ ni, àbí ọgbọ́n ìkọ́ni? Bí a bá sì pè é ní ọgbọ́n, ṣé gbogbo ọgbọ́n ni ó tọ́ kí àgbà lò fún ọmọdé? Ẹlòmíràn lè wí pé kí ni ó kan àwa tí ń kọ́ni ní Yorùbá nínú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì àwọn ọmọ Faransé. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní èdè, èdè yòówù kí ó jẹ́, ó di dandan kí ó pinnu ohun tí yóò ṣe sí èdè tí ọmọ náà gbé wá láti ilé. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni a ti máa ń lè wò ó láìsí ìbínú, nítorí náà ni mo ṣe yàn láti bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè.

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Láti ọdún 1905 ni ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń ran olùkọ́ èdè lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dara pọ̀ mọ́ ètò náà. Lónìí, àjọ ìjọba tí à ń pè ní France Éducation international, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Sèvres nítòsí Paris, ni ó ń bójú tó o. Wákàtí 12 ni olùrànlọ́wọ́ fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń lo oṣù méje níbẹ̀, láti oṣù kẹwàá ọdún kan títí dé oṣù kẹrin ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọ kékeré ni àwọn tí wọ́n ń kọ́: ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó wà ní kíláàsì tí wọ́n ń pè ní CP, ọmọ ọdún mẹ́wàá sì ni ó wà ní CM2 tí í ṣe kíláàsì ìparí. Òfin ọdún 2013 ni ó là á sílẹ̀ pé láti CP ni kí gbogbo ọmọ ti máa kọ́ èdè àjèjì kan tàbí èdè ìbílẹ̀ agbègbè wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń kọ́. Wákàtí kan ààbọ̀ ni a yà sọ́tọ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 54 ní ọdún. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: díẹ̀ ni ó fi lé ní ọjọ́ méjì, tọ̀sán-tòru.

Nínú ìwọ̀nba àkókò yìí ni ọmọ yóò ti kọ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn, bí a ṣe ń sọ orúkọ àti ọjọ́ orí ẹni, àwọ̀, òǹkà, orúkọ ẹranko àti ti ẹ̀yà ara. Olùrànlọ́wọ́ yóò gbé àwòrán sókè, yóò pe orúkọ ohun tí ó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì pè é tẹ̀ lé e. Orin wà, eré wà. Ìró "h" a máa sá mọ́ ọmọ Faransé lẹ́nu, tí "Hello" yóò fi di "ello". Àwa tí "three" ń di "tírì" lẹ́nu wa kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Olùkọ́ kíláàsì ní tirẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ni ó ń kọ́ wọn, láti orí ìṣirò dé orí ìtàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àkànṣe. Ẹnu àlejò yìí ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Kò yà mí lẹ́nu, nígbà náà, pé ó ń ṣọ́ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣọ́ omi inú àmù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sì fẹ́ kí Faransé bù mu níbẹ̀.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé ní yunifásítì ilẹ̀ wọn. Nítorí àtigbọ́ Faransé dáadáa ni wọ́n ṣe sọdá òkun, a sì ti béèrè lọ́wọ́ wọn, kí a tó gbà wọ́n, pé kí wọ́n ti gbọ́ ọ dé ìwọ̀n kan. Ìjọba ń wá ẹni tí ó gbọ́. Kíláàsì ń wá ẹni tí kò gbọ́. Ohun tí ọ̀dọ́ náà fi gbogbo ọdún rẹ̀ wá kiri gan-an ni a ní kí ó sẹ́ ní iwájú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ jù.

Ìmọ̀ràn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún 1902 ni ìjọba Faransé pàṣẹ pé ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, èdè àjèjì ni kí olùkọ́ fi máa kọ́ni ní èdè àjèjì, láìgba ojú ìtumọ̀ kọjá. Kò pẹ́ lẹ́yìn àṣẹ náà ni ètò olùrànlọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn ìlànà yìí a máa sọ ìtàn Maximilian Berlitz, ẹni tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀ ní ìlú Providence ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1878. A gbọ́ pé ó gba ọmọ Faransé kan, Nicholas Joly, sí iṣẹ́, ó sì wá rí i pé ọkùnrin náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Àìsàn dá Berlitz dúbúlẹ̀. Joly kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó máa nawọ́ sí nǹkan kí ó sì máa pe orúkọ rẹ̀ ní Faransé. Nígbà tí Berlitz fi máa dìde lórí àkéte àìsàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi Faransé dá ara wọn lóhùn. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú èyí sí Joseph Jacotot, ọmọ Faransé tí ó lọ kọ́ni ní Louvain, ìlú tí ó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, ní ọdún 1818. Jacotot kò gbọ́ èdè Flemish tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń sọ, àwọn náà kò gbọ́ Faransé. Ìwé kan tí ó ní èdè méjèèjì nínú, ìyẹn Télémaque ti Fénelon, ni ó fi lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti ibẹ̀ kọ́ Faransé dé ibi tí ó ya òun gan-an lẹ́nu.

Ìtàn méjèèjì dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Àìgbọ́ ti Joly, òótọ́ ni. Àìgbọ́ ti Jacotot, òótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń bá àìní tòótọ́ wọ̀jà, kò sì sí ẹni tí ó tan ẹnikẹ́ni. Olùrànlọ́wọ́ tí a ní kí ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ń fara wé wọn bí ẹni tí ó ní aṣọ nílé ṣe ń wọ àkísà jáde lọ ṣagbe. Owó tí ẹni méjèèjì rí gbà lè dọ́gba. A kì í fi ìyẹn sọ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Jacotot tilẹ̀ gbé èdè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí orí tábìlì ní gbangba, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ Faransé nínú ìwé kan náà kí wọ́n lè dì í mú bí ọ̀pá.

Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti ràn wá lọ́wọ́ láti ronú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "gbọ́", ni a fi ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Bí ìró bá dé etí ẹni, a ní ó gbọ́. Bí ènìyàn bá mọ èdè, a ní ó gbọ́ èdè. Bí ọmọ bá ṣe ohun tí òbí wí, a ní ó gbọ́ràn, èyí tí kò bá sì ṣe é, a ní kì í gbọ́ràn. Etí, òye àti ọkàn ni ọ̀rọ̀ kan náà so pọ̀. Àwọn Faransé náà ti ní ohun tí ó jọ ọ́ rí: "entendre", tí wọ́n ń lò fún etí lónìí, ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ fún òye pẹ̀lú, "entendement" ni wọ́n sì ṣì ń pe òye. Nítorí náà, nígbà tí àgbà bá wo ojú ọmọ tí ó sì ní òun kò gbọ́ Faransé, kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó sẹ́. Ó ń wí fún ọmọ náà pé ohunkóhun tí ó bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ, kò lè dé ọ̀dọ̀ òun.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ketekete. Àwọn ọmọ yóò sọ ọ̀rọ̀ bàtà rẹ̀ àti irun rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Èyí kò ṣe nǹkan, ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n wọn yóò tún sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn, wọn yóò sọ ẹni tí ó jí nǹkan àti ẹni tí ó ń sunkún lóru, nítorí wọ́n gbà pé igi lásán ni ó dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó ṣe bí adití ti di ẹni tí ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ tí a kò bá a sọ. Àwọn tí ń gbani nímọ̀ràn yìí kì í sábà ronú kan ibẹ̀. Wọ́n rò ó pé olùkọ́ ń fi nǹkan du ara rẹ̀ nítorí ọmọ. Wọn kò rí i pé ó tún ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ láìtọrọ.

Èsì tí àwọn tí ń gbè sẹ́yìn ìṣe yìí máa ń fọ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní eré ni, kì í ṣe irọ́. Ẹ wo eré bojúbojú. Àgbà a máa rí ẹsẹ̀ ọmọ tí ó yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, síbẹ̀ yóò máa béèrè sókè pé ibo ni ọmọ yìí wọlé sí. Kò sí ẹni tí yóò pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní òpùrọ́. Ẹ wo àlọ́ pẹ̀lú: ẹni tí ó bá dáhùn pé "Ààlọ̀!" ti gbà tẹ́lẹ̀ pé Ìjàpá yóò sọ̀rọ̀, yóò sì jẹ gbèsè bí ènìyàn. Mo gbà pé èsì yìí lágbára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú irọ́ kúrò nínú bojúbojú àti àlọ́ ni pé wọ́n ní ẹnu ọ̀nà. A mọ ibi tí a gbà wọlé, a sì mọ ibi tí a ó gbà jáde. Ọmọ tí ó sá pamọ́ ni ó ní kí a wá òun. Bí ó bá fi orí gbá nǹkan níbi tí ó wà, tí ó kígbe, ojú àgbà yóò là lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó wà ní CM2 lè rí ẹnu ọ̀nà yìí fúnra rẹ̀. Ó ti fura, yóò sì fi ojú ṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní tirẹ̀, eré ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ké "Ààlọ́ o!" fún ọmọ ọdún mẹ́fà? Olùkọ́ rẹ̀ tí ó fọkàn tán ni ó dúró níwájú pátákó tí ó sì sọ fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń sọ pé ọjọ́ Ajé ni òní, pé àlejò yìí kò gbọ́ Faransé.

Kì í ṣe òní ni a ti ń jiyàn lórí irú nǹkan báyìí ní ilẹ̀ náà. Nínú ìwé Émile tí Jean-Jacques Rousseau, ọmọ bíbí Geneva, tẹ̀ jáde ní ọdún 1762, olùkọ́ kan mú ọmọ tí ó ń tọ́ lọ sínú igbó nítòsí Montmorency. Ó ṣe bí ẹni pé àwọn sọnù. Ebi ń pa ọmọ, ó ń sunkún, olùkọ́ sì fi ara rẹ̀ sí ipò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, títí wọ́n fi fi òjìji ọ̀sán mọ ọ̀nà ilé. Ọmọ náà kò ní gbàgbé ìwúlò ẹ̀kọ́ nípa oòrùn láéláé. Síbẹ̀, nínú ìwé kan náà ni Rousseau ti kìlọ̀ pé bí ọmọ bá ká irọ́ kan ṣoṣo mọ́ olùkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo ohun tí olùkọ́ náà ti gbìn ti bàjẹ́. Mo ti gbìyànjú láti so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn, n kò rí i so dáadáa. Ó dà bí ẹni pé ohun tí ó ká Rousseau lára jù ni kí àṣírí má tú. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlànà olè ni: kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá mú ọ.

Àṣírí yóò sì tú. Ìlú kékeré ni a ń fi ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ sí, ìlú kékeré kò sì ní ibi ìsápamọ́sí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ yóò di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú dé ilé búrẹ́dì, yóò sì gbọ́ tí àlejò kíláàsì wọn ń fi Faransé tí ó já gaara béèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan. Kí ni ọmọ náà kọ́ ní ọjọ́ náà? Òmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Òmíràn yóò ronú.

Èyí ni ó mú mi dé ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà wúwo sí jù. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ọmọdé, kò sí èyí tí ó dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ bí ẹ̀kọ́ èdè àjèjì. Bí mo bá sọ fún ọmọ pé méjì àti mẹ́ta jẹ́ márùn-ún, ó lè ka òkúta wò. Bí mo bá ní omi a máa hó, ó lè wo ìkòkò. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá gbé àwòrán ajá sókè tí ó ní "dog" ni, kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò? Kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn. Ojú ẹni tí ó sọ ọ́ ni ó wò, ó sì gbà á gbọ́. Bí ó ti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ni ó ṣe gba "cat" gbọ́, tí ó gba òǹkà gbọ́ láti orí ení dé orí ẹ̀wá. Gbèsè ìgbàgbọ́ tí ọmọ ń gbé fún olùkọ́ èdè pọ̀ ju ti olùkọ́ yòókù lọ. Ó wá ṣòro fún mi láti rí bí ẹni tí a gbà gbọ́ tó báyìí ṣe lè fi ẹnu kan náà sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀, kí ó sì ní nítorí ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀kọ́ náà gan-an ni ó ń wa ilẹ̀ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ kan ní àkókò eré ìdárayá. Inú ń run ún, tàbí àwọn ọmọ tí ó dàgbà jù ú ń fìyà jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́. Olùrànlọ́wọ́ ni àgbà tí ó sún mọ́ ọn jù. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò dúró títí ọmọ náà yóò fi rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún inú rírun. Bí ọmọ bá sunkún tọ̀ ọ́ wá, yóò dá a lóhùn ní Faransé, eré yóò sì parí. Ìyẹn kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ tí ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí kò ní wá rárá. A ti sọ fún un pé àgbà yìí kò gbọ́. Yóò wò ó, yóò sì kọjá lọ pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kọ́ ni ó yan ìdákẹ́ fúnra rẹ̀, àwa ni a dì í lẹ́nu nígbà tí a di etí.

Ilẹ̀ Faransé ti rí adití àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tí ó le ju èyí lọ. Ní ẹkùn Bretagne, lẹ́yìn tí òfin ọdún 1882 ti sọ ẹ̀kọ́ di dandan, èdè Breton ni ọ̀pọ̀ ọmọ gbé wá láti ilé, Faransé nìkan ni a sì gbà láàyè ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí Breton bá yọ lẹ́nu rẹ̀ yóò gba ohun ìtìjú kan tí yóò máa gbé kiri títí yóò fi ká ọmọ mìíràn mọ́ ibi tí ó ti ń sọ ọ́. Pierre-Jakez Hélias sọ ọ̀rọ̀ ìjìyà náà nínú ìwé rẹ̀ Le Cheval d'orgueil tí ó jáde ní ọdún 1975. Màlúù ni wọ́n ń pe ohun ìtìjú náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí ń ṣe èyí jẹ́ ọmọ Breton fúnra wọn. Wọ́n gbọ́. Ìyá wọn ni ó kọ́ wọn. Láàárín èyí àti ti olùrànlọ́wọ́ òde òní, àlàfo ńlá wà, n kò sì fẹ́ pa wọ́n pọ̀: ọmọ Faransé tí ó jáde ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, Faransé ni yóò bá ní ojú pópó, nínú ìwé àti lẹ́nu ààrẹ ilẹ̀ rẹ̀. Wákàtí 54 kò lè ṣe èdè náà ní nǹkan kan. Àwọn tí ó bá fi èyí dá mi lóhùn kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni wọ́n dáhùn. N kò béèrè ohun tí ó ń ṣe èdè. Ọmọ ni mo béèrè.

Nílé níhìn-ín, a ti rí ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1970, ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe aṣíwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, a sì yan olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Ipò tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ètò yẹn kò jìnnà sí ipò tí ó wà lónìí ní kíláàsì CP ilẹ̀ Faransé: àlejò tí a bu ọlá fún, tí kò lé onílé jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni mọ bí nǹkan ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa láti ìgbà náà. Olùkọ́ tí a bí ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú ọmọ ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí "fanákúlà", ó sì ń ṣe bí ẹni pé "ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mu omi" jẹ́ èdè àwọn ará Ṣáínà. Olùrànlọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé ní àwíjàre tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní.

Kí ni kí ó wá ṣe, kí wákàtí rẹ̀ kékeré má bàa ṣòfò? Ìyàtọ̀ wà láàárín kí ènìyàn má sọ èdè kan àti kí ó ní òun kò gbọ́ ọ. "Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni n ó máa sọ níhìn-ín" jẹ́ ìlérí. "Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì" jẹ́ àṣẹ. A kì í pe àṣẹ ní irọ́, ìlérí kì í sì í di irọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó ṣe é bá ní in lọ́kàn láti mú un ṣẹ. "Mi ò gbọ́" nìkan ni ó jẹ́ ìròyìn nípa ohun tí ó wà, òun nìkan ni ó sì lè jẹ́ irọ́. Olùkọ́ kò nílò rẹ̀. Bí ọmọ bá fi Faransé wí pé òǹgbẹ ń gbẹ òun, kí olùkọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá omi ni ó fẹ́, kí ó tọ́ka sí omi, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ pe ọ̀rọ̀ náà kí ó tó mu ún. Ọmọ ti rí i pé a gbọ́ òun, ó sì ti rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà. Mo tilẹ̀ rò pé ẹ̀kọ́ náà yóò wọlé jù báyìí, nítorí ìtumọ̀ ti wà nínú ọmọ tẹ́lẹ̀, ilé ni ọ̀rọ̀ tuntun náà bá tí ó wọ̀.

Ọgbọ́n kan sì wà tí àwọn olùkọ́ ọmọ kékeré ń lò níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Wọn a mú ọmọláńgidi wá sí kíláàsì, wọn a fi ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọn a sì ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èyí gbọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kí ó wá Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo àǹfààní tí à ń wá ti dé, ẹ̀tàn kò sì sí níbẹ̀, nítorí ọmọ ọdún mẹ́fà náà mọ̀ pé aṣọ àti òwú ni ọmọláńgidi. Ẹnu ọ̀nà àlọ́ wà ní ṣíṣí. Olùkọ́ tí ó di ọmọláńgidi mú ṣì ní etí tirẹ̀.

Ó ku ọ̀ràn olùrànlọ́wọ́ tí ó dé bá kíláàsì tí a ti sọ fún àwọn ọmọ kí ó tó dé pé kò gbọ́. Kò lè pe olùkọ́ kíláàsì ní òpùrọ́ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Àlejò kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn pẹ̀lú yóò pa àwọn ọmọ lára. Ó lè dákẹ́ lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó má fi ẹnu ara rẹ̀ kún un, kí ó sì bá olùkọ́ náà sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìdákẹ́ kò ní tó. Ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn tí à ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni bí a ṣe ń béèrè bóyá ènìyàn gbọ́ èdè kan. Ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ọdún, ọmọbìnrin kan ní CM1 yóò nawọ́ sókè, yóò to ọ̀rọ̀ náà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan láìfi ọ̀kan sílẹ̀, "Do you speak French?", nítorí pé ó fẹ́ mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Ó lè jẹ́ ìbéèrè kìn-ín-ní tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi ẹnikẹ́ni láyé rẹ̀ tí kì í ṣe ti ìwé. Kí olùrànlọ́wọ́ wí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, òun gbọ́ ọ, kí ó wí i ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì bi í padà ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni ó fẹ́ sọ.